Ìwọ̀n Orí Jáàkì

Nígbà tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, tí mọ́tò náà kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ: kẹ́kẹ́! bí ẹni tó ń fọ́ eegun lẹ́nu. Bàbá ti táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Kò yí. Ó fi ẹsẹ̀ ta á. Kò yí.

"Ó ti há," ni Bàbá wí.

Láti ìgbà tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀ ló ti ń kan mọ́tò yìí sínú gáréèjì ilé: mọ́tò eré ìje kúkúrú, ìjókòó ẹnì kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn awakọ̀, ẹ̀dà èyí tó rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí kò sì yé ròyìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíá wá láti ara mọ́tò kan tó ti fi orí sọ ògiri. Ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ wẹ́dà, ló jó àwọn páìpù pọ̀ di egungun ọkọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ló gba iṣẹ́ ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá méjì tó ń gbé agbára láti àpótí gíá lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ọ̀gá Àlọ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí kò lè gbọ́ àlọ́ kó má já a, kò sì lè rí kókó okùn kó má tú u.

Àwọn ṣáàfù náà gùn ju ohun tí mọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gbà lọ. Ọ̀gá Àlọ́ wọ̀n, ó ṣírò, ó ya àwòrán, ó gbé e lọ fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó gé e, kó sì gbẹ́ eyín tuntun sí i lórí. Wẹ́dà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi igi dán an wò.

"Bùrọ̀dá," ni Ọ̀gá Àlọ́ dáhùn, "ẹ̀yin ẹ máa fi iná ṣeré, ẹ fi ìṣirò sílẹ̀ fún wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Bàbá rò nípa Wẹ́dà kò fara sin. Irú ọkọ mìíràn ló ti fọkàn sí fún ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò pè é ní àna rí. "Wẹ́dà" ló ń pè é, bí ẹni ń pe ẹni tó wá tún géètì ṣe. Gbogbo páìpù tó jó sínú mọ́tò yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "àna", ló fi ń tọrọ.

Bàbá kúnlẹ̀, ó wo táyà, ó wo egungun ọkọ̀.

"Wẹ́dà."

"Sà."

"Iná rẹ ti fa irin yìí wọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti wọnú."

"Sà, mo ta okùn sí i kó lè tọ́ kí n tó jó o..."

"Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa?"

"Ó tì o, sà. Ẹ má bínú, sà."

Kí ni àna fẹ́ bá bàbá ìyàwó rẹ̀ fà?

Ọ̀gá Àlọ́ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún, ó ń wo ṣáàfù. Nígbà tí mọ́tò wà lórí jáàkì, táyà rọ̀ sísàlẹ̀, ṣáàfù sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí àkàsọ̀ tí wọ́n fi ti ògiri. Ní báyìí tí mọ́tò ti jókòó, táyà ti gòkè, ṣáàfù ti nà gbalaja. Àkàsọ̀ tí wọ́n fi ti ògiri, bí o bá ní kó sùn sáàárín ògiri náà àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, àyè kò ní gbà á. Àlọ́ náà já lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, bí àlọ́ ṣe máa ń dùn bó bá ti já. Lẹ́yìn náà ni adùn ọ̀hún di omi kíkorò. Orí jáàkì ló ti wọ̀n ọ́n. Òun fúnra rẹ̀.

Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni: "Àbí ká fi òróró sí i?"



Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára páìpù. "Ìwọ lo jó o, ìwọ náà lo máa gé e."

Wẹ́dà gbé ẹ̀rọ ìgérin. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń wò, kò wo bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rọ ké. Ẹ̀ta iná ń fò.

"Bùrọ̀dá, ẹ dúró," ni Ọ̀gá Àlọ́ wí.

Ariwo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó sì mọ̀ pé yóò gbé e mì. Ó ti dúró kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ké kó tó sọ ọ́, kó lè rí i wí lẹ́yìn náà pé òun sọ ọ́.

Páìpù já, ó bọ́ lu sìmẹ́ǹtì. Wẹ́dà pa ẹ̀rọ. Kò wá sí ariwo kankan tí èèyàn lè sá sí mọ́.

"Bàbá, kì í ṣe egungun ọkọ̀. Ṣáàfù ló gùn jù. Orí jáàkì ni mo ti wọ̀n ọ́n."

Bàbá yíjú sí i. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ó lè sọ pé nísinsìnyí ni. "Kí ẹ tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọ̀gá Àlọ́! O mọ ìdáhùn, o wá ń wo ọkọ mi kó máa gé irin kiri. O kú iṣẹ́ o, ọ̀mọ̀wé."

Ọ̀gá Àlọ́ ń retí kí Wẹ́dà bú òun. Ì bá sàn. Wẹ́dà mú páìpù tó bọ́, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú. Kò sí ibi tó wọ́. Gbogbo wọn rí i, Bàbá náà rí i.

"Èyí tó gùn ṣeé gé," ni Wẹ́dà wí. "Èyí tó kúrú ni wàhálà. Ẹ jẹ́ ká yọ ṣáàfù náà."

Ó tún páìpù jó. Ojú ibi tó jó wú bí àpá. Wọ́n yọ ṣáàfù méjèèjì, mọ́tò sì jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá wọ ìjókòó awakọ̀, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ lójú títì. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wẹ́dà di etí tépù mú, Ọ̀gá Àlọ́ nà án dé ibi tí táyà wà. Ó ka iye rẹ̀.

"Ta ló kà á yẹn?" Ohùn Bàbá wá láti òkè.

"Èmi ni, Bàbá," ni Ọ̀gá Àlọ́ dáhùn.

Wọ́n gbọ́ tí ó ń fi ọwọ́ pa ìdarí ọkọ̀ náà.

"Jẹ́ kí àna mi kà á."

Ọ̀gá Àlọ́ gbé orí kúrò. Wẹ́dà sún wọlé, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀, ó sì ka tépù náà sókè. Iye kan náà ni.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ẹ lọ gé e bẹ́ẹ̀."