Àdúrà Gígùn àti Búrẹ́dì Tó Ń Rì

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ta-ló-Rí-i. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Bí o bá ní iwin kan ń gbé lókè àjà ilé rẹ, á ní, "Ta ló rí i?" Bí o bá ní Ọlọ́run ló rán òjò àná sí aṣọ ọ̀tá rẹ lórí okùn, á ní, "Ta ló rí i? Aṣọ tèmi náà tutù, ọ̀tá ta wá lèmi?" Kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan tún wà: kì í gbàgbé èébú. Bí o bá bú u lónìí, á tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ẹyin.

Irú ọkùnrin yìí ló wá lọ fẹ́ràn ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, obìnrin tí kò lè sín kó má fi àdúrà tì í. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ìyá ní kí àna ọ̀la kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì òun ná, kí òun fojú ara òun wo irú èèyàn tó jẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀: bí ìyẹ̀fun pípò bá ti wú tán nínú páànù, gbogbo wọn á na ọwọ́ sí i, Ìyá á gbàdúrà, wọn á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Alááàrò, àbúrò Ìyá, á fi pákó gígùn tì í sínú iná. Ta-ló-Rí-i ń na ọwọ́ bíi tiwọn, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmín.

Láti ọjọ́ tó dé ni búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Á jáde pẹ̀lú àárín tó jìn kòtò, bí ìrọ̀rí tí àgbàlagbà sùn lé.

"Ẹ ò rí nǹkan?" ni Ìyá wí. "Ọwọ́ aláìgbàgbọ́ ló ń fa ìbùkún inú ìyẹ̀fun mu!"

"Mà, ta ló rí i?"

"Búrẹ́dì ló rí i! Wo ojú rẹ̀!"

Ìyá wá ń fi kún àdúrà. Ó gbàdúrà fún ìyẹ̀fun, fún iyọ̀, fún ẹni tó gbin àlìkámà, fún ìyá ẹni tó gbin àlìkámà. Búrẹ́dì ń rì sí i. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ lu tábìlì.

"Bí ti òní bá tún rì, kúrò nílé búrẹ́dì mi, kúrò lọ́rùn ọmọ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ba ọkùnrin wa lẹ́rù.

"Mà, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ gbàdúrà sí ìdajì bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ìdajì tó kù, èmi nìkan ni kí n fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà sí i. Ká wo èyí tó máa rì."

"O fẹ́ dán Ọlọ́run wò?"

"Rárá o, mà. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ dán wò."

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá Alááàrò wí. "Bó bá kú, òun ló pa ara rẹ̀."

Wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n pín in. Ti Ta-ló-Rí-i, gbàrà tó wú ni wọ́n tì í sínú ààrò. Ìyá dúró ti tirẹ̀, ó gbàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro àwọn tó ń ṣe àmín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jáde, ti aláìgbàgbọ́ yọ ikùn bí olówó. Ti Ìyá rì pẹ̀tẹ̀.

Bàbá Alááàrò ṣí fìlà. "Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín," ló wí.

Ayọ̀ gun Ta-ló-Rí-i dé ọ̀fun. Gbogbo èébú tó ti tọ́jú dìde, wọ́n tò bí ọmọ ogun, wọ́n ní, ọ̀gá, ọjọ́ wa rèé! Ó ti la ẹnu báyìí láti sọ pé, ẹ ò rí i pé kò sẹ́nikẹ́ni lókè! Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára aago ara ògiri. Inú rẹ̀ bàjẹ́ bíi ti ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀ tó ti lá dé ìsàlẹ̀.

"Mà," ó ní, "èyí ò tíì jẹ́ ẹ̀rí."

"Kí lò ń wí?"

"Tèmi ò dúró rárá. Tiyín dúró pẹ́. Ó lè jẹ́ ìdúró ló bà á jẹ́, kó má jẹ́ àdúrà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ gbàdúrà ráńpẹ́ sí ọ̀kan. Èkejì, ká dúró tì í bí àdúrà yín ṣe máa ń gùn tó, ṣùgbọ́n ká má gbàdúrà."

"Kí la ó wá máa ṣe?"

"Ẹ máa ṣòfófó."

Òfófó kẹ̀! Wọ́n na ọwọ́ sí ìyẹ̀fun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá Alááàrò bẹ̀rẹ̀ ìtàn onílé rẹ̀ tó há sójú fèrèsé níbi tó ti ń yọjú wo ilé aládùúgbò, ìdí nínú ilé, orí níta. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lu àpò ìyẹ̀fun, eruku ìyẹ̀fun sọ. "Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá ń bi í. "Ìyàwó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀!" Nígbà tí ìtàn parí, Ìyá gbàgbé, ó pariwo, "Àmín!"

Èyí tí wọ́n gbàdúrà ráńpẹ́ sí wú dáadáa. Ti òfófó rì.

"Ẹ gbà mí, òfófó náà ń ba búrẹ́dì jẹ́!" ni Bàbá Alááàrò kígbe.

"Ìdúró ni, bàbá! Ìwúkàrà kì í dúró deni. Bó bá wú kọjá àyè, wíwó ló kù."

Ìyá di orí mú. "Ọjọ́ tó o dé ni mo ti fi àdúrà ààbò kún un! Nítorí tìẹ!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó sórí àpò, gbogbo ìdí rẹ̀ funfun. Ó nu ojú, ó wá rọra wo ọkùnrin náà.

"Gbọ́ ná. Nígbà tí tèmi rì, o ti borí. A ò mọ nǹkan kan. Kí ló dé tí o ò panu mọ́? Ṣebí o ní kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Ta ló rí ọ?"

Ó họ orí. "Èmi náà wà níbẹ̀, mà."

Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bu omi fún ọkọ rẹ."

Ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín padà dé, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

Ta-ló-Rí-i kò tíì ṣe àmín títí di bá a ṣe ń wí yìí, kò sì tíì gbàgbé "ọwọ́ aláìgbàgbọ́". Ó ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ òun ló ń wo aago. Ìyá á na ọwọ́, á di ojú: "Olúwa, bùkún búrẹ́dì yìí, kí O sì la ojú ọkọ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ká fi í sílẹ̀ dọ̀la, ìyẹ̀fun ti wú. Àmín!"