Ilé Tí Onílé Ò Sùn Rí

Ilé mẹ́sàn-án ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń tọ́jú ní àdúgbò náà, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Yàrá méjì tó ń gbé, ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó lọ síbi àgbà ń rè. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn, àwọn tó ni wọ́n ti lọ jìnnà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò kógbá sílé, àwọn òṣìṣẹ́ fọ́n ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí, ẹni tó bá sì ń lọ á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa ṣí fèrèsé." Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe di méjì nìyẹn, tó di márùn-ún, tó di mẹ́sàn-án, tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì di ohun ìgbàgbé. Kò yani lẹ́nu pé òun ni wọ́n ń kó o fún. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi tọ́jú yàrá ẹrù ní ilé-iṣẹ́ yẹn, òwú kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹ má fojú iṣẹ́ ọ̀lẹ wo títọ́jú ilé òfìfo o. Ní gbogbo Sátidé, kí oòrùn tó mú, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Á ṣí fèrèsé kí òórùn ìdíkàsì lè jáde. Á da omi korobá kan sínú ihò balùwẹ̀, torí bí ihò náà bá gbẹ, òórùn gọ́tà ló máa gba ibẹ̀ wọlé. Á ṣí ẹ̀rọ omi títí omi pupa ìpẹtà á fi dá. Á fi ìka lu férémù ilẹ̀kùn, á sì tẹ́tí sí i bóyá ikán ti wà nínú rẹ̀. Bó bá sì wọlé, á ní, "Ẹ kú ilé o," bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ á wá fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìkẹsàn-án nínú àwọn ilé yìí ló fẹ́ràn jù, òun ló sì ń dẹ́rù bà á jù. Àbúrò rẹ̀ ló ni ín, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló sì ti dàgbà. Ó ti wà lókè òkun kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Orí tẹlifóònù ló ti kọ́ ọ: ó ń wo fọ́tò, ó ń yan ọ̀dà, ó ń ní kí wọ́n sún ilẹ̀kùn sọ́tùn-ún díẹ̀. Ilé náà parí, yàrá mẹ́rin, ó ní àga, ó ní ibùsùn, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá láti ọjà. Bí èèyàn bá jókòó sórí àga ibẹ̀, ariwo tó máa pa, ẹni tó wà lójú títì á gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò máa ń wí bẹ́ẹ̀, "ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn níbẹ̀ ṣáájú mi. Èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sùn nínú ilé mi."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá.

Àmọ́ omi tuntun rú, ẹja tuntun sì wọ̀ ọ́. Odò kan kún ní ọ̀nà jíjìn, ó gbé ìlú mẹ́ta lọ, àwọn tó yè é sì gbẹ́rù wọn karí. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo ní ilé-iṣẹ́ aṣọ àtijọ́ yẹn, wọ́n sì wá. Àwọn ará àdúgbò sọ wọ́n ní Dé-lánàá. Ilé-ìwé tó ti ku ọmọ mọ́kànlá wá ń wá bẹ́ǹṣì kiri. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó ti tì pa tún ṣí. Àwọn kan wá ń kùn pé, "A ò mọ àdúgbò yìí mọ́." Ọmọ aráyé mà lè pani lẹ́rìn-ín o! Nígbà tí àdúgbò ń kú lọ, kò bí wọn nínú. Ìgbà tó jí ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn.

Bíríkìlà kan wà nínú àwọn Dé-lánàá yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ìbejì wọn obìnrin. Ẹ̀bá ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí òrùlé rẹ̀ yọ síta ni wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kan, ìjì ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé àbúrò, òjò sì ń dà sórí ibùsùn inú ọ̀rá. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sáré wá káfíńtà títí, kò rí, àwọn káfíńtà àdúgbò ti lọ tipẹ́. Bíríkìlà ló gun òkè ilé nínú òjò yẹn, tó fi páànù sípò, tó tún rẹ́ ibi tí ògiri ti là.

"Kí ni kí n fún ẹ?" ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó ń wo àwọn yàrá náà. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá wa, ìyàwó mi ń wúkọ́. Ẹ bá wa fi yàrá kan ṣàánú, títí òjò yìí á fi lọ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré," ni ìyá wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́rìnlá.

Ilé yẹn kò rí bó ṣe rí mọ́. Wọ́n bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga. Wọ́n gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bá débẹ̀ ní Sátidé tó ní, "Ẹ kú ilé o," ohùn mẹ́rin ló máa dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìbejì á sì dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi tí kò fi ní lè rìn. Kí n má purọ́, ó máa ń sáré parí àwọn ilé mẹ́jọ yòókù kó lè tètè débẹ̀.

Bó bá wá di ọjọ́ Àìkú, àbúrò á pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ńkọ́?"

"Ilé wà dáadáa."

Òótọ́ ni. Ilé kò dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ òótọ́ tí èèyàn gé sí méjì tó fi ìdajì pamọ́, irọ́ ni, ìyá sì mọ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò rí ẹnu sọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún, ó ti wúwo jù. Irọ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣeé jẹ́wọ́; ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ ti oṣù mẹ́rìnlá? Ẹ̀rù ń bà á pé bí àbúrò bá gbọ́, á lé àwọn èèyàn náà sínú òjò, kò sì ní pe òun mọ́ láyé. Ìpè ọjọ́ Àìkú yẹn ló fi ń ka ọ̀sẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, òjò ti ṣú dùdù, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sáré wọlé wá bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá! Ìyá! Bàbá kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní ilé àwọn ni."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dìde. Kò wá bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn débẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró síwájú ilé pẹ̀lú báàgì ńlá kan, orí rẹ̀ ti funfun. Ìyá ń wá ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lójú rẹ̀, kò rí i. Àfìgbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò dá àdúgbò mọ̀ mọ́," ni àbúrò wí. Kò kí i. "Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n júwe ilé mi fún mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin ibẹ̀ sọ? Ó ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, ilé bíríkìlà! Ṣé àlejò wọn ni yín?' Èmi! Àlejò!" Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀ dúró sí. "Ta ni àwọn yìí?"

Irọ́ kan yára wá sí ìyá lẹ́nu, pé àwọn tó wá gbálẹ̀ ni. Ó rí aṣọ ìbejì lórí okùn, ó gbé irọ́ náà mì.

"Mo purọ́ fún ẹ," ló wí. "Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti oṣù mẹ́rìnlá. Èmi ni mo kó wọn wọlé. O bẹ̀ mí, mo ṣèlérí, mi ò mú un ṣẹ."

Àbúrò wò ó títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, èyí ló sì burú jù.

"Kí wọ́n kó jáde lónìí."

Bíríkìlà kò jiyàn. "Ilé yín ni, sà. Ẹ má bínú sí ìyá," ló wí, ó sì wọlé lọ di ẹrù. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò. Àwọn ìbejì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àbúrò wọlé tẹ̀ lé wọn. Inú ilé ṣókùnkùn nítorí òjò tó ṣú, ó sì na ọwọ́ sí ògiri ọ̀tún láti tan iná. Kò sí bọ́tìnnì iná níbẹ̀. Ó fọwọ́ wá a lọ sókè, ó fọwọ́ wá a wá sísàlẹ̀, ó ń ra ògiri bí afọ́jú. Ìyàwó bíríkìlà, tí ìkòkò kún ọwọ́ rẹ̀, fi ìgúnpá tẹ ògiri òsì láìtiẹ̀ wò ó. Iná tàn.

Àbúrò rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó sì dúró.

"Ibẹ̀ kọ́, bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wí jẹ́jẹ́. "Ibẹ̀ là ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ṣé ẹ fẹ́ lọ balùwẹ̀ ni? Ẹ wá."

Ó mú un lọ́wọ́, ó sì mú un lọ. Ẹ̀rín ìbá pa Ìyá Kọ́kọ́rọ́, tó ti tẹ̀ lé wọn wọlé, bí kì í bá ṣe pé ẹkún ti gba ọ̀nà. Ó gbọ́ tí omi ń ṣàn ní balùwẹ̀, ó ń ṣàn, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí àbúrò jáde, ojú rẹ̀ tutù, ó sì ti pọ́n. Ó jókòó sórí àga tó fúnra rẹ̀ yàn lórí tẹlifóònù.

"Onílé mi ta ilé mọ́ mi lórí lọ́hùn-ún," ló wí. "Oṣù kan ló fún mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo di í sínú báàgì kan. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ní, ṣebí mo nílé. Bí mo bá ti bá yín sọ̀rọ̀ tán ní ọjọ́ Àìkú, Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń di ojú, màá máa rìn káàkiri inú ilé yìí, láti yàrá dé yàrá. Mo máa ń tan iná rẹ̀." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ògiri ọ̀tún ni mo máa ń tàn án."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọmọ ìyá mi, èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, àwọn ò ṣẹ̀ ọ́. Bó o bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n á lọ. Àmọ́ mẹ́jọ ló kù tí mò ń ṣí fèrèsé wọn. Àjà mẹ́ta ti wó nínú wọn. Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn méjì tán. Mò ń gbá wọn, mò ń nù wọ́n, òkú ni mò ń wẹ̀. Tìrẹ nìkan ló ń mí."

Bíríkìlà ti gbé ẹrù kan sórí, ó sì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Níta, òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni àbúrò bi í.

"Ẹ̀bá ògiri ṣọ́ọ̀bù, sà. Ibi tá a wà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

Bíríkìlà kò gbọ́ ọ yé.

"Mo ní kẹ́ ẹ gbé ẹrù yẹn sílẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló wà níbí, mi ò lè sùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ ẹ bá lọ, ta ló máa fi ilé mi hàn mí?"

Ìyàwó bíríkìlà gbé ìkòkò sílẹ̀, ó sì bo ojú. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀, àmọ́ ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì fọwọ́ kàn mí. Inú yín ń bí mi. Ó ń bí mi gan-an, ó sì máa pẹ́ lára mi."

"Máa bínú, ọmọ ìyá mi," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Máa bínú dáadáa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mi ò ti rí ìbínú ẹ lójúkojú."