Ìjà Inú Yàrá Físíìsì

Àǹtí Wáyà ni àwọn tíṣà ń pe obìnrin náà, nítorí pé inú báàgì rẹ̀ rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ, kìkì wáyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, kó máa ran àwọn tíṣà físíìsì lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọ̀dọ̀ tíṣà kan tí ojora ti mú ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà yìí fẹ́ fi han kíláàsì bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń nà, ó sì so irin tó wúwo jù mọ́ ọn. Wáyà já, ó ta mọ́ ọmọbìnrin kan lójú. Ọmọ náà kò wọ gíláàsì tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni Àǹtí Wáyà wí. "Gíláàsì lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà la ó máa gbé irin kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀."

"Wọ́n ní ojú ọmọ náà ti fọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà. Bàbá ọmọ náà ni, awakọ̀ tírélà, tòun ti sípánà gígùn.

"Ojú lọba ara! Ta ló fọ́ ọmọ mi lójú?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó la sípánà mọ́ tíṣà léjìká, tíṣà ṣubú lu tábìlì. Ó tún gbé e sókè. Àǹtí Wáyà na ọwọ́ òsì láti gbà á. Sípánà bà á, egungun ọwọ́ náà dá pàà bí igi gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ tìtorí Ọlọ́run!"

"Ọlọ́run dà, nígbà tí ọmọ mi ń ké?"

Ó ń sunkún bó ṣe ń lù wọ́n. Ó fi bàtà tẹ tíṣà láyà títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Ni tíṣà bá ta ràrà, ó he irin tó wúwo jù lọ nílẹ̀, ó là á mọ́ ọn lórí. Gbì! Awakọ̀ wó lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà gun àyà rẹ̀, ó tún gbé irin sókè.

"Kò mira mọ́!" ni Àǹtí Wáyà pariwo. "Ó tó!"

Tíṣà lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó tún gbé e sókè, obìnrin náà ti fi ara bo orí awakọ̀, tòun ti ọwọ́ kíkán.  Tíṣà ju irin sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Awakọ̀ kò kú, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò tíṣà fẹ́ kí Àǹtí Wáyà sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni tíṣà lù ú. Àǹtí Wáyà wo tíṣà. Ó wo ọmọ awakọ̀, tó ti di olójú kan ṣoṣo, tó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Awakọ̀ ló kọ́kọ́ lù wá," ni ó wí. "Bí tíṣà ò bá lù ú padà, òkú wa ni wọn ìbá gbé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dákú kó tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n rán tíṣà lẹ́wọ̀n. Níta, ìyá rẹ̀ rọ́ Àǹtí Wáyà láṣọ mú.

"Ọmọ mi gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú, ìwọ wá fi ẹnu rẹ jù ú sẹ́wọ̀n!"

Àǹtí Wáyà kò já ara rẹ̀ gbà.

"Òótọ́ ni, mà," ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó dúró títí ọwọ́ ìyá náà fi rọ̀, tó fi aṣọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.