Àkùrọ̀ Màámi

"Èyí náà ti jẹrà!"

Àgbẹ̀ kan ju èbù iṣu tó hú jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún tú ebè mìíràn. Bákan náà ni. Òjò àkọ́rọ̀ ló tàn án jẹ. Ó rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́, àgbẹ̀ náà sáré gbin iṣu, lòjò bá wábi gbà. Oòrùn se èbù mọ́nú ilẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ èbù kan ṣoṣo ló kù nílé, irú iṣu tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́, irú náà parẹ́ nìyẹn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká gbin èyí tó kù sí àkùrọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àkùrọ̀ Màámi? Ilẹ̀ kókò! Ṣé o fẹ́ kí omi pa iṣu ni?"

"Omi wo? Ọjọ́ wo lẹ débẹ̀ gbẹ̀yìn? Ìgbà ò lọ bí òréré o."

Àgbẹ̀ náà gbé ọkọ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀, ó kọrí síbẹ̀. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni kò ti lè débẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà, bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Nígbà náà, ẹrẹ̀ á gbé e lẹ́sẹ̀ mì dé ọrùn ẹsẹ̀, Màámi á sì máa rẹ́rìn-ín láàárín ewé kókò: "Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ á gbé ẹ mì lọ́jọ́ kan!"

Ó tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rì. Ó fi ọkọ́ bu díẹ̀: ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó tutù níwọ̀nba. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, àmọ́ omi lé ròrò sí i lójú. Àárò Màámi sọ ọ́. Àárò ẹrẹ̀ pàápàá sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e dé. "Ṣé ó dáa fún iṣu?"

"Ó dáa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Nígbà tó dé igun kan, ó bá kókò kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, ewé rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó yí ọkọ́ kúrò níbẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rọra da omi sí i nídìí.

"Omi mímu yín rèé o!"

"Òùngbẹ ń gbẹ òun náà." Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ gbé èbù wá. Ṣùgbọ́n má gbin nǹkan kan sí igun yìí. Màámi ló ni ín."