Rédíò Bàbá Rọra

Gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ yìí ló máa gbọ́ "rọra". Rọra jókòó. Rọra tẹ orí ba. Rọra dìde, kí irun má baà kó sí ẹ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Rọra, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ fún un lọ. Ẹni tó ń sọ rọra fún gbogbo ayé yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ ọ́ fún ara rẹ̀, kò sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ìyá ọmọ náà kú kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ló bá ku ọkùnrin kan àti ọmọdé kan nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ ọbẹ̀ sè, ó mọ aṣọ fọ̀, àmọ́ kò mọ irun dì. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ wo dígí, ó bú sẹ́kún. Ni bàbá bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan dábùú apá àga méjèèjì, ó gbé ọmọ lé e, ó sì gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà ti ń pe ọmọ náà ní Dídán.

Ariwo kílípà ló ń ba Dídán lẹ́rù. Bó bá ti ń dún, á ká èjìká sókè, á di ojú pinpin. Orin kan wà nígbà náà tí rédíò kì í fi ọjọ́ kan sinmi lórí rẹ̀. Bàbá Rọra kò lóhùn orin o. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé ẹnu sétí ọmọ, ó ń kọ ọ́ kí kílípà má ráyè sọ̀rọ̀:

Ọ̀nà ò jìn, ẹsẹ̀ ló ń rẹ ni,
Ẹni tó ń bọ̀ wálé á dé.
Má tilẹ̀kùn, má pa iná,
Ẹni tó ń bọ̀ wálé á dé.

Ẹsẹ mẹ́ta lorin náà ní. Ó ń fi ẹsẹ kìíní gẹ ìpàkọ́, ó ń fi èkejì gẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ń fi ẹ̀kẹta gẹ iwájú. Bí orin bá ti parí, irun náà ti parí nìyẹn, á wá fi ẹnu fẹ́ irun wẹ́wẹ́ kúrò lọ́rùn ọmọ, ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín nítorí ó ń rìn ín lára. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí Dídán dàgbà tó ẹni tó lè lọ bá onídìrí, kò lọ. Ó ní orí òun ti mọ orin náà.

Ẹ̀yìn náà ló mú akunlé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọ̀dà kì í tán ní èékánná rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fẹ́ra wọn. Bàbá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ilé olílé lò ń kùn," ó ní. "Ìwọ fúnra rẹ, ògiri mélòó lo ní?"

Ọkùnrin náà ní òun ò tíì ní ẹyọ kan. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ni wọ́n fi lé e jáde. Dídán kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, ó tẹ̀lé ẹni tó fẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá Rọra dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tó bá tún dárúkọ ọmọ yẹn létí òun, kó lọ wá onígbàjámọ̀ mìíràn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn níbẹ̀ láràárọ̀. Tíṣà sọ fún un pé a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ òwe yẹn, ó yẹ kí onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá Rọra bọ́ aṣọ funfun kúrò lọ́rùn Tíṣà láìtíì gẹ ìdajì orí rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tíṣà fi dé fìlà kiri àdúgbò. Nígbà tó padà wá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ ìbí Bàbá Rọra, rédíò ń ṣe ètò aago mẹ́wàá àárọ̀, èyí tí àwọn èèyàn máa ń kọ lẹ́tà sí pé kí wọ́n lu orin fún ẹni wọn. Atọ́kùn ètò ní, "Láti ilé búlúù tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ọmọdé, ọmọ kan ń kí bàbá rẹ̀, Bàbá Rọra onígbàjámọ̀. Ó ní..." Bàbá Rọra pa rédíò kó tó sọ ohun tó ní.

Lọ́dún kejì, ó pa á. Lọ́dún kẹta, ó dín ohùn rẹ̀ kù. Lọ́dún kẹrin, ó ní orí èèyàn wà lọ́wọ́ òun, òun ò lè torí rédíò fi orí olórí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti gẹ orí náà tán, ó kàn ń fi kóòmù gbá a kiri ni. Ìgbà tó di ọdún karùn-ún, ó ti ń ra bátìrì tuntun ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ní ìròyìn lòun fẹ́ gbọ́. Ọdún yẹn ni lẹ́tà náà sọ pé "èmi àti ọmọ mi, ó ti pé ọdún mẹ́ta". Bàbá Rọra kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kí ló wá dè é mọ́lẹ̀? Wákàtí mẹ́ta lọkọ̀ ń rìn dé ìlú náà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì í. Ìbínú ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́, ìtìjú ló kù, ìtìjú sì lágídí ju ìbínú lọ. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún kẹsàn-án, ó pinnu. Ó di aṣọ méjì àti kílípà sínú báàgì, ó gbé pákó tí Dídán máa ń jókòó lé lọ́jọ́sí jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó nù ún títí ó fi ń dán. Bí wọ́n bá ti lu orin ọjọ́sí náà, tí ọmọ òun ń bèèrè lọ́dọọdún, tán lówùúrọ̀ ọjọ́ ìbí òun, òun máa ti ṣọ́ọ̀bù, òun máa wọkọ̀. Ẹ gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe: ó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Tíṣà ló wà lórí àga. Ó rí báàgì, ó rí pákó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀rẹ́ mi, pa rédíò yẹn lónìí," ó ní. "Orí ń fọ́ mi."

"Orí rẹ náà ni mò ń gẹ̀ yìí. Mi ò rí ibi tó ti fọ́."

"Jẹ́ ká kúkú sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ní ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Bó bá di lẹ́yìn orin. Rọra tẹ orí ba."

Tíṣà tẹ orí ba. Aago mẹ́wàá lù. Wọ́n ka lẹ́tà kan, wọ́n lu orin rẹ̀. Wọ́n ka òmíràn. Bàbá Rọra ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí Tíṣà nígbà tí atọ́kùn wúkọ́ díẹ̀, tó ní ọmọdé ló kọ èyí tó kàn, bó ṣe kọ ọ́ lòun ṣe máa kà á.

"Ọmọ ọdún méje ni mí. Ilé búlúù là ń gbé, lẹ́yìn ilé ìwé wa. Mo kí bàbá mi àgbà, Bàbá Rọra onígbàjámọ̀, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Màmá mi ló máa ń kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ wọ́n ti kú. Nígbà tí ara wọn ò yá, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu orin wọn fún bàbá mi àgbà."

Orin náà bẹ̀rẹ̀. Kílípà ń dún lọ́wọ́ Bàbá Rọra, kò gbé e lé orí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ kìíní lọ, èkejì lọ, ẹ̀kẹta lọ. Bó ṣe wà láyé tó, kò sí ìgbà kan tí orin náà parí tí orí kò parí. Ìdajì orí Tíṣà ló wà nílẹ̀ yẹn, ewú funfun lápá kan, awọ orí dúdú lápá kan.

"Tíṣà, o mọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lóṣù méjì. Ẹni tó wá láti ìlú yẹn ló sọ fún mi." Tíṣà ò gbé orí sókè. "Àràárọ̀ ni mò ń wá síbí kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní ká má dárúkọ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ó kú láì dárúkọ rẹ̀?"

Bàbá Rọra pa kílípà. Ó ní "Dídán", jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán an wò bóyá ẹnu òun ṣì lè pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun àwọn oníbàárà, ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà, Tíṣà sì jókòó tì í tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. A máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé bíi pé òwe lásán ni. Wákàtí mẹ́ta ni Bàbá Rọra fi gbé pákó náà sórí itan nínú ọkọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e sẹ́yìn.

Ilé búlúù náà ò ṣòroó rí. Akunlé ló ṣílẹ̀kùn, ó ti rù, ọ̀dà sì wà ní èékánná rẹ̀ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lé e jáde lọ́jọ́sí. Bàbá Rọra fà á dìde. Lẹ́yìn náà, akunlé mú un lọ síbi tí wọ́n sin Dídán sí. Ohun tí Bàbá Rọra sọ níbẹ̀, àárín òun àti ọmọ rẹ̀ ló wà.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ ta kókó bí òwú tí ológbò fi ṣeré.

"Mi ò mọ̀ ọ́n dì, Bàbá," akunlé ní. "Mo ti gbìyànjú rẹ̀."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n dì," Bàbá Rọra dá a lóhùn.

Ó gbé pákó dábùú àga tó wà ní pálọ̀, ó ní kí ọmọ rọra jókòó. Ọmọ jókòó, ó tẹ orí ba kí wọ́n tó sọ fún un, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́. Kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá Rọra yanu kó kọrin, ohùn kankan ò jáde. Ó tún yanu. Ni ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ orin fún un, ohùn rẹ̀ tinrín, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Bàbá Rọra fi ẹsẹ kìíní gẹ ìpàkọ́, ó fi èkejì gẹ ẹ̀gbẹ́.

Kí wọ́n tó bọ́ sí ẹ̀kẹta, ọmọ náà dánu dúró.

"Lọ́jọ́ ìbí yín, Màmá máa ń gbé àga síta," ó ní. "Bí wọ́n bá ti lu orin náà tán, wọ́n á ní bí Bàbá bá gbọ́ ọ, wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà. A ó máa wo ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bá a bá wá wọlé, Màmá á ní kì í ṣe ẹ̀bi yín, rédíò yín ló bàjẹ́." Ó yíjú díẹ̀ wò ó. "Ṣé ẹ ti tún un ṣe ni?"

Irọ́ ti wà ní sẹpẹ́ níbẹ̀, Dídán fúnra rẹ̀ ló sì pa á sílẹ̀ dè é. Kó ṣáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Akunlé tó di dígí mú lójúkojú wọn gbójú sílẹ̀.

"Rédíò mi ò bàjẹ́ rí, ọmọ mi," ni Bàbá Rọra wí.

"Ẹ̀ ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Lọ́dọọdún."

Ọmọ náà ronú sí i. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn dà bíi pé ó ń wá ibi tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà sí, tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó tún tẹ orí ba, ó kọ ẹsẹ tó kù, Bàbá Rọra sì gẹ iwájú. Orin àti irun jọ parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn ọmọ láti fẹ́ irun wẹ́wẹ́ kúrò, àmọ́ ẹkún ti gba gbogbo èémí ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà dúró de èémí náà títí, bí màmá rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn ọrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó.