IYA LO PA MI

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀ọ́mi, ẹ kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀," ni Onírin wí, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì kan lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá náà ń lọ̀ lọ́wọ́.

Ìyá kò gbé e sílẹ̀. Wọn kì í sọ fún obìnrin yẹn pé kó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ yìí, àmì tí òun bá sì fọ̀ tí kò kúrò lára aṣọ, kí ẹni tó ni aṣọ yáa gba kámú. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ohun tó wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Òórùn aṣọ tó fẹ́ jóná ló ta á jí.

Ó mọ kásẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Fọ́tókọ́pì dúdú kan ló wà nínú páálí rẹ̀, wọ́n ya agbárí èèyàn sí i, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn, IBOJI, wọ́kuwọ̀ku bíi gbòǹgbò igi. Àkọlé wá wà nísàlẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, láìní àmì kankan lórí: IYA LO PA MI.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ ọ́. Kìnnìún ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí orin tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ohùn gidi kọ. Dẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlì, irú orin òyìnbó kan, ni wọ́n ń pe orin náà. Gìtá á máa ké bí ẹ̀rọ ìlagi, ìlù á máa sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, akọrin á wá máa bú ramúramù láti inú ọ̀fun títí tí orin á fi parí. Inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ Onírin níṣẹ́ ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo gbà á sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì míì, tí wọ́n ń pín in fún ìwọ̀nba àwọn tí etí wọn yi bíi tiwọn.

Ọdún kò yípo lé e tí Kìnnìún fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin rí kásẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ ibùsùn òkú. Ó gbé e jáde síta, ó sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn: "Ìyá ló pa mí." Ó ní kí wọ́n wá wò ó o, ọmọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ọkọ kò ti kí Ìyá mọ́. Bó bá pàdé wọn lójú títì, wọ́n á sọdá. Ẹnu ayé, ẹ máa bẹ̀ ẹ́.

Onírin yìí ló ń lu ìlù fún wọn nígbà náà. Irun rẹ̀ gùn dé èjìká nígbà yẹn. Ní báyìí, orí ti pá, ilẹ̀kùn irin ló sì ń jó mọ́ra jẹun. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Ẹnì kan ní òkè òkun rí kásẹ́ẹ̀tì wọn, ó gbọ́ ọ, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe jáde gẹ́gẹ́ bí àwo. Ó ní àwọn èèyàn ń wá a lójú méjèèjì lọ́hùn-ún. Ìyá bi í pé ṣé àwọn yẹn kò rí iṣẹ́ ṣe ni. Onírin rẹ́rìn-ín, ó ní kí Mọ̀ọ́mi kàn fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ìyá olóògbé, ó parí. Ó ní ohun kan ló kù: ọkùnrin náà kò fẹ́ tẹ àkọlé náà láìfi àmì ohùn sí i.

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a yá nígbà yẹn kò ní àmì, Mọ̀ọ́mi. Àwa náà ò sì kà á kún. Ta ló ń fi àmì sórí irú orin yẹn?"

"Kí ló wá wà níbẹ̀?" Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù nàró lórí tábìlì. "Ìyá ni, àbí ìyà?"

Látọjọ́ yìí, kò bi ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á. Kódà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orin náà sí i létí rí.

"Ìyà ni," Onírin tètè dáhùn. "Ìyà tó ń jẹ gbogbo wa nígbà yẹn."

Ìyá wò ó títí. Láti ìgbà tí èyí ti ń jí ẹran mú nínú ìkòkò òun ló ti mọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí tó bá ń parọ́. Ó tọ́ka sí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí pẹpẹ ọṣẹ, ó ní kó fi í sí i kí òun gbọ́.

Ariwo rọ́ wọ inú ilé ìfọṣọ. Ìyá fi etí ti rédíò, ó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Èdè wa yìí, ohùn ló ni ín. Bí o bá mú ohùn kúrò, o ò ní mọ̀ bóyá ọkọ ló ń bọ̀ tàbí ọkọ̀. Kìnnìún kò sì gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ramúramù kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá fi "ìyá" sí i, ó bá a mu. Ó fi "ìyà" sí i, ó tún bá a mu régí.

Ó pa rédíò.

"Ìwọ náà ò mọ̀."

Onírin sorí kọ́. "Mi ò mọ̀, Mọ̀ọ́mi. Òun nìkan ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin. A ò bi í. Ariwo la wá ṣe níbẹ̀."

Ìyá dá téèpù padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kí gìtá tó wọlé, ẹnì kan wúkọ́ níbẹ̀, ikọ́ gbígbẹ, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá ti mọ̀ ọ́n kó tó wúkọ́ tán. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ibẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ariwo yìí ló dá ikọ́ yẹn sí i lára," ni ó wí. "Mo sọ fún un. Mo ní yóò ya á lọ́fun."

Ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ń wúkọ́, oyin ló ń fún un lá, èébú ló ń fi tì í. Ó ní kó jáwọ́ nínú ariwo ná, ikọ́ á lọ fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń wá lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fi gbé e débẹ̀, dókítà ní àrùn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán.

Onírin rò pé òun ń tù ú nínú. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rárá o, Mọ̀ọ́mi, ẹ má dá orin lẹ́bi. Ikọ́ yẹn ló gbé wọ ẹgbẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò tíì kọrin rárá, ó sì ti ń wúkọ́. Àwa la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikọ́ ló kọ́ ọ lórin."

Aṣọ ìrọ̀rí kan ni Ìyá ń rí lójú ọkàn rẹ̀, aláwọ̀ ewé, àmì pupa kékeré wà ní igun rẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹgbẹ́, kò tíì sí gìtá. Ó fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, àmì náà kúrò porogodo, ó sì sá a sóòrùn. Kò bi ọmọ ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá.

"Mọ̀ọ́mi, kí ni kí n wá sọ fún ọkùnrin náà?"

Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí ojú ibi tó dọ̀tí lára aṣọ oníbàárà. Ó fa fọ́tókọ́pì náà sọ́dọ̀, ó sì fi àmì kan sórí A tó gbẹ̀yìn IYA, àmì tó ń lọ sílẹ̀.

"Ìyà ni kí o ní kí wọ́n kọ."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìyà ni mo wí. Fi kásẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀ fún mi."

Ara tu Onírin. Ó ní ṣé òun kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, ó dúpẹ́, ó ní òun á kó àwo náà wá tó bá dé, ó sì jáde.

Ìyá dúró títí ilẹ̀kùn fi padé. Ó ti etí aṣọ ìnuwọ́ bọ omi, ó sì nu àmì náà kúrò lórí A, bí ó ti ń ṣe sí gbogbo àmì. Lẹ́yìn náà ló tún mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa òmíràn sí i, èyí tó gbójú sókè. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ti tutù. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.