Ìyìn Kò Tíì Ṣíwọ́

"Ìyìn, ta ló ń lé ọ kiri?"

Ohun tí Adéníkẹ́ kà lójú fóònù kékeré náà nìyẹn. Ó kà á tán, ó dá fóònù padà sórí kọ̀ǹpútà àgbà níbi tó ti mú un, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Àárọ̀ ni, oòrùn ti mú. Nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe Mile 2 ní Apple Junction, ẹnì kan ń bá oníbúrẹ́dì jà lórí ṣéńjì. Ayé ń lọ bó ṣe yẹ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Ìyìn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ yìí ti kú. Adéníkẹ́ wà níbi tí wọ́n ti sin ín. Ó wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Fóònù náà tún gbọ̀n.

"Dúró síbi tí o wà. Mi ò ní í wá wò ọ́. Jọ̀ọ́, má sá mọ́."

Fóònù yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì, kó lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà bí nǹkan bá bàjẹ́. Òun ló ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ohun tí gbogbo wọn níbiṣẹ́ rò nìyẹn. Adéníkẹ́ wá wo àwọn ohun tó ti wọlé sórí rẹ̀ ṣáájú. Láti orí nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀kan lójúmọ́. Káàbọ̀. Káàbọ̀. Káàbọ̀, ọmọ mi. Ó ń fà á lọ sókè, kò tán. Ó fà á títí ó fi kọjá oṣù tí wọ́n sin Ìyìn.

Ọ́fíìsì Alhaji Yaqub kò tóbi. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ilé olóògùn ní Amuwo-Odofin ló ń gbé àkọsílẹ̀ wọn fún un tọ́jú. Síkíríìtì ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ìwé àṣẹ tí a fi Bash, èdè kan tí kọ̀ǹpútà gbọ́, kọ, tí kọ̀ǹpútà ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì ń ṣe ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀. Ìyìn ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìrọ̀rùn. Ohun kan náà ló máa ń dà kọ láti inú ìwé kan sí òmíràn. Bí a bá tún ti ìhín ṣe, ti ọ̀hún á ṣì wọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Alhaji ní kí Adéníkẹ́ ṣa gbogbo àwọn irinṣẹ́ kéékèèké inú wọn jọ sójú kan, kí síkíríìtì tó bá fẹ́ lo ọ̀kan máa wá yá a níbẹ̀, bí agbo ilé tó ní odó kan ṣoṣo láàárín gbùngbùn.

Adéníkẹ́ fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Orúkọ tí Ìyìn sọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín. Èyí tó ń ké bí nǹkan bá bàjẹ́, ó pè é ní pariwo. Èyí tó ń dúró díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú, rọra. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́ àfi tó bá kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè, bi_mí_ná. Bó ti ń ṣà wọ́n jọ ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí. Ìrọ̀lẹ́ àná ló parí àkójọ náà. Àárọ̀ yìí ni àwọn síkíríìtì kọ́kọ́ wá yá irinṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ó jókòó, ó ṣí i. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí irinṣẹ́ kan tí kò wò dáadáa nígbà tó ń kó wọn: mo_ti_dé. Ó ti rò pé ńṣe ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́: "Màámi, mo ti dé ibiṣẹ́ o." Lábẹ́ irinṣẹ́ náà, lóde rẹ̀, ìlà kan wà tó ń pè é ṣiṣẹ́. Inú síkíríìtì òwúrọ̀ ni Ìyìn fi í sí, èyí tó ń jí fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, yálà Ìyìn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Adéníkẹ́ wá gbé irinṣẹ́ àti ìlà náà papọ̀ sínú àkójọ, nítorí náà, síkíríìtì yòówù tó bá wá yá ohunkóhun, orí ìlà yẹn ló ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Láti àárọ̀ ni òkú ti ń dé. Ó dé, ó tún dé, ó tún dé.

"Ìnnà lílàhi!" ni Alhaji Yaqub wí nígbà tó gbọ́ ọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Ìyìn tó wà ní Festac?"

"Àwọn ni, ọ̀gá."

"Láti ìgbà tí ọmọ ti kú?"

"Láràárọ̀."

"Àwọn náà sì ń dá a lóhùn?"

"Láràárọ̀, ọ̀gá."

Alhaji wo kọ̀ǹpútà àgbà náà bíi pé ó lè dìde. "Adéníkẹ́, pa nǹkan yẹn rẹ́. Báyìí báyìí. Lọ́la ni àwọn onílé ìwòsàn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òkú ló ń bá mi ṣiṣẹ́."

"Ta ló máa sọ fún Màmá?"

"Sọ kí ni? Tó bá ti dákẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ó dákẹ́."

"Tí wọ́n bá pè, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé e, ọ̀gá?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Adéníkẹ́ dá àwọn síkíríìtì padà sí bí wọ́n ṣe wà lánàá, àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ka orí itan, ó tẹ àṣẹ tí yóò pa mo_ti_dé rẹ́. Bi_mí_ná dìde lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyìn ti kọ́ ọ:

Adéníkẹ́, ṣé ó dá ẹ lójú ṣá?

Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Bí Ìyìn ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn, pẹ̀lú "ṣá" yẹn nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé mọ́ ìbéèrè ọ̀hún, ó tì í bọ àpò, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Festac kò jìnnà sí Apple Junction. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn látijọ́, tó sì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, kò lè ṣàì dárò rẹ̀. Ìbò ni ìjọba fi pín àwọn ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ìbò sì mú, ńṣe ló ń jó wọ kọ́lọ̀sì rẹ̀, òpópónà kékeré tí kò já síbòmíràn. Koríko tútù wà níwájú ilé, iná òpópónà ń tàn, omi ẹ̀rọ ń yọ tọ̀sán tòru, àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi fúrúùtù títí ìyá wọn á fi pè wọ́n wọlé. Àwọn igi náà ṣì wà. Àwọn tó gbìn wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti gba iwájú ilé, géètì sì ti wà lẹ́nu kọ́lọ̀sì gbogbo.

Ilé ìsàlẹ̀ ni ti ìyá Ìyìn, Màmá Rosaline Akínfẹ́nwá. Adéníkẹ́ kò tíì kan ilẹ̀kùn tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé.

"Wọlé. Géètì ò tì."

"Ẹ káàsán, mà."

"Káà..." Ọ̀rọ̀ náà há Màmá lẹ́nu. Ó wò ó. "Ìwọ ni Adéníkẹ́. Ẹ wá kí mi nígbà náà lọ́hùn-ún. Jókòó."

Fóònù Màmá wà lórí sọ́sà, láàárín tábìlì, bí ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ.

"Ó ti dákẹ́," ni Màmá wí. "Láti àárọ̀ ló ń sọ pé òun ti dé, òun ti dé. Mo ní, kí ló ń lé ọmọ yìí láti ìlú dé ìlú? Ó wá dákẹ́ wẹ́lo. Ṣé wọ́n ti bá a ni?"

"Ta ni, mà?"

"Adéníkẹ́, ẹ̀yin lẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣé o rí i?" Ó yára gbọ́wọ́ sókè. "Rárá, má sọ. Má dárúkọ ibi tó wà."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Adéníkẹ́, orí rẹ̀ sì wú. Àkúdàáyà. Àwọn àgbà ti sọ fún òun náà nígbà èwe: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé a máa kú níhìn-ín, a sì máa lọ gbé ibòmíràn, a máa ṣiṣẹ́, a máa jẹ, a máa mu. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá lọ ká a mọ́ ibẹ̀, á sá, wọn kò sì ní í gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí Màmá kò fi fẹsẹ̀ kan Apple Junction. Ìdí nìyí tí kò fi pe ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló ń tẹ káàbọ̀ lórí fóònù, tó ń rọra mí, kí ọmọ rẹ̀ má baà tají mọ́ ọn lọ́wọ́.

Adéníkẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ni, mà. Ìyìn ló kọ́ ọ kó máa sọ ọ́. Ti òní yìí, àṣìṣe tèmi ni. Ẹ má bínú."

Lókè, ẹnì kan ń fi igbálẹ̀ gbá báákónì, ìró rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀.

"Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni," ni Màmá wí níkẹyìn. "Mo tẹ̀wé fún ìjọba àpapọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò gọ̀. Láti ìgbà tí Abúlé Adó tó wà nítòsí wa níbí ti gbiná ni mo ti ní kó máa sọ fún mi tó bá ti dé ibiṣẹ́. Ìyìn tó ń gbàgbé bàtà ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Ó wá di ẹni tí kì í gbàgbé. Mo fura. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti dé ibiṣẹ́. Balùwẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, ó ń wẹ̀, ó ń kọrin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Adéníkẹ́. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

"Tẹ́ ẹ bá mọ̀, mà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá a lóhùn?"

"Ta ló fi ibojì rẹ̀ hàn mí?" Ohùn Màmá kò ga. "Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n fi mí sínú yàrá yẹn, ẹ̀yin lẹ lọ, ẹ̀yin lẹ bọ̀. Èmi ò rí nǹkan kan. Ọmọ ní òun ti dé, kí n má kí i káàbọ̀?" Ó fi ìka kan sọ́sà náà. "Ọ̀kan tún wà. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń sọ pé òun ti ṣíwọ́, òun ń bọ̀ nílé. Kò pa á jẹ rí. Ọjọ́ yẹn nìkan. Wọ́n ní tírélà ló gbá a, pé ilé ló ń bọ̀. Mo ní báwo? Kò tíì sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ìyìn kò tíì ṣíwọ́."

Adéníkẹ́ rántí ìrọ̀lẹ́ yẹn. Òjò ṣú, gbogbo wọn sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó dé. Ó padà sórí àga, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìbéèrè Ìyìn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró. Ó fi í sílẹ̀, ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó bi kọ̀ǹpútà àgbà pé ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Orúkọ méjì ló jáde. Tirẹ̀, àti ti Ìyìn.

Ìyìn kò ti iṣẹ́ rẹ̀ pa lójú kọ̀ǹpútà kó tó sáré fún òjò. Kọ̀ǹpútà àgbà kì í sùn, ínfátà ló ń fún un níná bí iná bá lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ẹni tó ń dúró dè kò ní í padà wá. Adéníkẹ́ wò ó síwájú sí i, ó rí irinṣẹ́ kejì, mo_ń_bọ̀, lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ìgbà tí Ìyìn bá ti iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró.

"Kí lo rí?" ni Màmá bi í.

Ó lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí Màmá.

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣì wà lórí ìjókòó. Mo lè jẹ́ kó ṣíwọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ fúnra rẹ̀ ló máa wá bá yín, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, mo ní láti pa ti àárọ̀ rẹ́. Kò ní í dé mọ́."

"Tí n bá ní kó o fi sílẹ̀ ńkọ́?"

Adéníkẹ́ ronú kan Alhaji, ó ronú kan ọ̀la. "Mo lè mú un kúrò nínú àkójọ, mà, kí n dá a padà sáyè rẹ̀. Á máa dé láràárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa ò ní í mọ̀."

"Kò sì ní í padà wálé."

"Kò ní í padà wálé, mà."

Ìró igbálẹ̀ òkè dáwọ́ dúró. Màmá dìde, ó tún aṣọ ìró rẹ̀ ró, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Jẹ́ kó máa bọ̀," ni ó wí.

Adéníkẹ́ tẹ àṣẹ náà. Orúkọ Ìyìn kúrò níbẹ̀. Lórí tábìlì, fóònù gbọ̀n, sọ́sà sì ń dún lábẹ́ rẹ̀.

"Kà á fún mi." Màmá kò wẹ̀yìn.

"'Màámi, mo ti ṣíwọ́. Mo ń bọ̀ nílé. Ẹ má tíì ti géètì o.'"

Màmá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sún, ó fún ọ̀nà láyè, bí a ti í ṣe fún ẹni tó ga, tó sì fẹ̀ léjìká. "Káàbọ̀," ni ó wí. Kò pariwo, kò sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ tẹ̀ lé nǹkan kan láti ẹnu ọ̀nà, ó gba iwájú tábìlì kọjá, ó lọ dé ẹnu yàrá. Adéníkẹ́ bá ara rẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga kí ẹni tó ń kọjá má baà fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá fa géètì irin mọ́ra. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti dógùn-ún. Ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì yí i kó tó tì.

"Ó ti wọlé," ni ó wí. "Ṣe ìyókù."

Adéníkẹ́ padà sójú ewé àkọ́kọ́. Adéníkẹ́, ṣé ó dá ẹ lójú ṣá?

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.